ẸṢIN OJÚDE ỌBA: Ẹ̀KỌ́ TÍ Ó WÀ NÍBẸ̀ FÚN Ọ̀DỌ́ MÙSÙLÙMÍ

 



Bí Iléyá bá ti ń súnmọ́lé, ọ̀rọ̀ méjì ni ó máa ń gba ẹnu àwọn ọ̀dọ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní Àgọ́-Ìwòyè, àti ní àwọn ìlú etí omi ní Ogun Waterside. Èkíní ni ọ̀rọ̀ àgbò. Èkejì ni ọ̀rọ̀ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde: ta ni yóò lọ, aṣọ wo ni a ó wọ̀, ta ni yóò gun ẹṣin? Ní ti àgbò, àwọn àáfà wa ti kọ́ wa ní òfin rẹ̀ dáadáa. A mọ iye ọjọ́ orí tí ó yẹ kó ní, a mọ àbùkù tí kò gbọdọ̀ wà lára rẹ̀, a sì mọ bí a ti ń pín ẹran rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹṣin ńkọ́? Ẹranko kan náà tí Ọlọ́hun dá ni. Ẹni tí yóò gùn ún níṣojú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ńkọ́? Ǹjẹ́ ẹ̀sìn wa sọ nǹkan fún un? Ó sọ ọ́, ó sì sọ púpọ̀. Òun ni ẹ̀kọ́ wa fún oṣù yìí.

IBI TÍ OJÚDE ỌBA TI ṢẸ̀

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ Ojúde Ọba sí ọjọ́ aṣọ ẹgbẹ́, ìlù àti ẹṣin. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà Ìjẹ̀bú a máa pìtàn pé ní nǹkan bí ọdún 1880, ní ayé Awùjalẹ̀ Adémúyèwò Afidípọ̀tẹ́mọ́lẹ̀, wọ́n fún ẹrú kan tí ń jẹ́ Àlí láyè láti máa kírun ní gbangba. Àwọn Mùsùlùmí ń pọ̀ sí i, kò sì sí ẹni tí ó dí wọn lọ́wọ́. Nítorí náà, lẹ́yìn Iléyá, wọn a kó ara wọn jọ, wọn a lọ sí iwájú ààfin láti dúpẹ́ lọ́wọ́ ọba tí ó jẹ́ kí wọ́n rí ààyè sin Ọlọ́hun, wọn a sì ṣe àdúà fún un.

Ní ọdún 1902, Balógun Kuku, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́lá ńlá ní Ìjẹ̀bú-Òde, gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì tẹ̀lé e. Ìtàn sọ pé ṣáájú ìgbà náà, ọdún Ọdẹ́dá ni àwọn ọlọ́lá fi ń fi ẹwà àti agbára wọn hàn níwájú Awùjalẹ̀. Nígbà tí Kuku di Mùsùlùmí, ó fi Ọdẹ́dá sílẹ̀, ó sì gbé ẹṣin, ìlù àti ọ̀wọ́ èrò rẹ̀ wá síbi ìdúpẹ́ àwọn Mùsùlùmí. Láti ibẹ̀ ni àwọn ìdílé Balógun ti ń gun ẹṣin wá kí ọba títí di òní. Ìdílé Kuku ń bẹ nínú wọn. Ti Odunuga àti ti Alausa ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí tí a ń pè ní régbérégbé ń tò wá lẹ́sẹẹsẹ. Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, ẹni tí ó wà lórí ìtẹ́ láti ọdún 1960 títí ó fi wàjà ní ọjọ́ 13 oṣù Keje 2025, ni ó jí àwọn ẹgbẹ́ náà dìde tí wọ́n fi gbajúmọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkan lè bèèrè pé: ṣé ó yẹ kí Mùsùlùmí máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ọba? Ànábì kọ́ wa pé ẹni tí kò mọ oore ènìyàn kò tíì mọ oore Ọlọ́hun. Ìdúpẹ́ fún oore kì í ṣe ìjọ́sìn, ìwà ọmọlúàbí ni, bí a kò bá ti fi èyí tí ó jẹ́ ti Ọlọ́hun fún ẹ̀dá.

ÌDÍ TÍ ẸṢIN FI JẸ́ NǸKAN IYÌ NÍ ILẸ̀ WA

Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kì í ṣe ilẹ̀ ẹṣin. Igbó ni ilẹ̀ wa, nínú igbó ni irù ń gbé, kòkòrò amunilẹ́jẹ̀ tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní tsetse. Àrùn tí ó ń gbé wọ ara ẹṣin a máa jẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tán, yóò rù, yóò sì kú. Ìdí nìyí tí àwọn agẹṣin Ọ̀yọ́, tí ilẹ̀ ọ̀dàn gbà dáadáa, kò fi lè fi ẹṣin jagun nínú igbó bí wọ́n ti ń ṣe ní pápá. Àwọn Ọ̀yọ́ pàápàá, láti Òkè Ọya ni wọ́n ti ń ra púpọ̀ nínú ẹṣin wọn. Àwọn tí ń bá wọn tọ́jú ẹṣin náà, púpọ̀ wọn jẹ́ ẹrú láti ilẹ̀ Haúsá, Mùsùlùmí sì wà nínú wọn. Ẹ kíyè sí i: ọwọ́ tí ń di ìjánu mú náà ni ọwọ́ tí ń ka tẹ̀sùbáà.

Ní Ogun Waterside, láti Abigi dé Iwopin, ọkọ̀ ojú omi àti àjẹ̀ ni ọmọdé ń mọ̀ kí ó tó mọ gàárì. Nítorí náà, nígbà tí ará Ìjẹ̀bú bá rí ẹnìkan lórí ẹṣin, ó mọ̀ pé olówó ni, tàbí jagunjagun. Ìyẹn ni iyì rẹ̀. Inú iyì náà sì ni ìdánwò wà.

Ẹ̀KỌ́ KÌÍNÍ: ẸṢIN ÀTI ÌMOORE

Ẹ ṣí Àlùkùránì yín sí Súrà Al-'Ādiyāt, ìyẹn Súrà 100. Ọlọ́hun fi àwọn ẹṣin búra níbẹ̀: bí wọ́n ti ń sáré tí èémí wọn ń lọ sókè-sódò, bí pátákò wọn ti ń ṣáná lára òkúta, bí wọ́n ti ń ya wọ àárín ọ̀tá ní òwúrọ̀. Ẹni tí ó ń gbọ́ yóò máa retí pé ọ̀rọ̀ ogun ni yóò tẹ̀lé e. Rárá o. Ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀lé e ni pé ọmọ ènìyàn jẹ́ aláìmoore sí Olúwa rẹ̀, àti pé ìfẹ́ ọrọ̀ ti wọ̀ ọ́ lára jù.

Kí ni ẹṣin ṣe pọ̀ mọ́ àìmoore? Ẹ wò ó dáadáa. Koríko àti omi lásán ni olówó ẹṣin fún un, òun kọ́ ni ó dá a. Síbẹ̀ ẹṣin náà fi ẹ̀mí rẹ̀ wéwu fún un, ó sáré wọ inú ọ̀kọ̀ àti ọfà. Ènìyàn ńkọ́, tí Ọlọ́hun dá, tí Ó fún ní ojú, etí, ìlera àti òye? Bí a bá pè é sí ìrun, yóò ní ó rẹ òun.

Ojúde Ọba bẹ̀rẹ̀ fún ọpẹ́. Súrà tí ó mẹ́nu kan ẹṣin jù sì ń bá aláìmoore wí. Ẹni tí ó bá gun ẹṣin lọ sí ibi ìdúpẹ́, tí ọkàn rẹ̀ kò sì dúpẹ́, ẹṣin tí ó gùn yẹn moore jù ú lọ.

Ẹ̀KỌ́ KEJÌ: ẸṢIN MẸ́TA NI Ó WÀ

Abú Hurẹ́rà gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Ànábì, nínú àkójọ Bukhari àti Muslim, pé ẹṣin pín sí mẹ́ta fún àwọn tí ó ni ín. Fún ẹnìkan, lààdá ni. Fún èkejì, ìbora ni. Fún ẹ̀kẹta, ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Ẹni tí ẹṣin jẹ́ lààdá fún ni ẹni tí ó so ó mọ́lẹ̀ nítorí Ọlọ́hun. Gbogbo koríko tí ẹṣin náà jẹ, omi tí ó mu nínú odò láìjẹ́ pé olówó rẹ̀ ló fà á lọ, títí dé ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni a ń kọ sílẹ̀ ní lààdá. Ẹni tí ó jẹ́ ìbora fún ni ẹni tí ó ń fi í wá oúnjẹ òòjọ́, kí ó má baà tọrọ jẹ, tí kò sì gbàgbé ẹ̀tọ́ Ọlọ́hun lórí rẹ̀. Ẹni tí ó di ẹ̀ṣẹ̀ sí lọ́rùn ni ẹni tí ó so ó fún ìgbéraga, fún ṣekárími, àti láti fi bá àwọn Mùsùlùmí ṣọ̀tá.

Ẹranko kan náà ni. Gàárì kan náà, ìjánu kan náà. Àníyàn ọkàn ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ̀sìn wa kò kórìíra ẹwà. Súrà An-Nahl, áyà 8, jẹ́ kí a mọ̀ pé fún gígùn ni a dá ẹṣin àti fún ọ̀ṣọ́ pẹ̀lú. Ànábì fúnra rẹ̀ ṣètò ìdíje ẹṣin ní Mẹdínà. Ọmọ Úmárù, Abdullah, wà nínú àwọn tí ó sáré níbẹ̀. Nítorí náà, kí ọ̀dọ́ mọ ẹṣin gùn, kí ó múra dáadáa, kí ó gùn ún pẹ̀lú ìdílé rẹ̀, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ẹṣin tí à ń rí lọ́jọ́ náà, háyà ni wọ́n háyà wọn. Ẹni tí ó bá yá owó èlé háyà ẹṣin kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè rí i, kí ó bi ara rẹ̀ pé: nínú ẹṣin mẹ́ta yìí, èwo ni mo gùn? Bí àwòrán bá tán, gbèsè kì í tán.

Ní ọdún 2024, àwòrán agẹṣin kan, Alhaji Farooq Oreagba, lọ káàkiri ayé láti Ojúde Ọba. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fẹ́ gun ẹṣin bíi tirẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n kí wọ́n rántí pé ọkùnrin náà ti sọ ọ́ ní gbangba pé àrùn jẹjẹrẹ ń bá òun fínra láti ọdún pípẹ́. Ẹni tí ó mọ iye tí ìlera jẹ́ ni a rí lórí ẹṣin yẹn. Ẹ má wo aṣọ nìkan.

Ẹ̀KỌ́ KẸTA: Ẹ̀TỌ́ ẸṢIN LÓRÍ ẸNI TÍ Ó GÙN ÚN

Nínú àkójọ Abú Dáwúdù, Ànábì kọ̀ fún wa láti sọ ẹ̀yìn ẹranko di àga ìwáàsù, ìyẹn ni kí a jókòó sórí rẹ̀ láì rìn, láìnídìí. Ẹ fi èyí wo Ojúde Ọba. Ìdílé kan ń dúró de ìdílé mìíràn kí ó tó kàn wọ́n, oòrùn sì mú. Ẹni tí ó mọ Sùnnà yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò di okùn ìjánu mú lọ́wọ́, yóò jẹ́ kí ẹ̀yìn ẹṣin náà sinmi títí yóò fi kàn wọ́n. Sísọ̀ kalẹ̀ kì í dín iyì ẹni kù.

Àwọn ohun mìíràn nìyí tí ó yẹ kí a mọ̀:

(1) Omi. Ẹṣin tí ó dàgbà ń mu omi tí ó tó lítà 25 sí 50 lóòjọ́. Kẹ́ẹ̀gì ńlá kan sí méjì nìyẹn, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ bí oòrùn bá mú. Ẹni tí ó háyà ẹṣin tí kò gbé kẹ́ẹ̀gì omi dání kò tíì múra.

(2) Oúnjẹ. Ẹṣin kì í bì. Ohunkóhun tí kò bá bá a lára mu, inú rẹ̀ ni yóò wà, inú rírun sì lè pa á. Koríko ni oúnjẹ rẹ̀. Ẹ má fún un ní ìrẹsì àríyá tàbí àkàrà òyìnbó nítorí eré.

(3) Ẹrù. Ẹni tí ó gùn ún pẹ̀lú gàárì kò yẹ kó ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara ẹṣin náà lọ. Bí ẹṣin bá wọn kìlógíráàmù 350, ẹrù 70 ni ó tó o. Kí ẹni tí ó sanra wá ẹṣin tí ó tóbi, kí ènìyàn méjì má sì gun ẹṣin kékeré kan.

(4) Ìbẹ̀rù. Ojú ẹṣin rí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n kò rí ẹ̀yìn rẹ̀ gangan. Ẹ má yọ́ wá láti ẹ̀yìn, ìpá rẹ̀ lè ṣẹ́ eegun. Apá òsì ni kí ẹ gbà, ẹ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ sí i, kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ má yin ìbọn ní ẹ̀bá etí rẹ̀.

(5) Ẹsẹ̀ agẹṣin. Àtẹ́lẹsẹ̀ iwájú nìkan ni kí a fi tẹ àlùkẹ́ńbù, irin tí a ń ki ẹsẹ̀ bọ̀. Bàtà tí ó ní gìgísẹ̀ ni kí a wọ̀. Sálúbàtà a máa yọ̀, ẹsẹ̀ a sì há. Bí ẹṣin bá dá irú ẹni bẹ́ẹ̀, yóò wọ́ ọ nílẹ̀ lọ.

(6) Pàṣán. Ànábì kọ̀ fún wa láti na ẹranko lójú. Kẹ́sẹ́ àti pàṣán kì í ṣe ohun ìbínú. Wọ́n rí Ànábì tí ó ń fi aṣọ ara rẹ̀ nu ojú ẹṣin rẹ̀.

Bí imú ẹṣin bá ń ṣí gbàgà tí èémí rẹ̀ kò balẹ̀, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tàbí tí òógùn rẹ̀ gbẹ nínú oòrùn, eré ti parí. Ẹ tú gàárì, ẹ mú un lọ sí ibòji, ẹ fi omi tútù wẹ̀ ẹ́ lára, ẹ wá dókítà ẹran. A ti gbọ́ ìtàn obìnrin tí ó wọ iná nítorí ológbò tí ó dè mọ́lẹ̀ láì fún un lóúnjẹ. Ẹṣin tóbi ju ológbò lọ.

Ẹ̀KỌ́ KẸRIN: ÌRUN KÒ GBỌDỌ̀ BỌ́ LỌ

Súrà Sād, láti áyà 31, sọ ìtàn Ànábì Sulaimọ́nù. Wọ́n kó àwọn ẹṣin àtàtà wá síwájú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó ń wò wọ́n títí oòrùn fi wọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn onítúmọ̀ sọ pé ìrun Àlàásárì ni ó bọ́ lọ, ó sì dùn ún gidigidi. Bí ẹwà ẹṣin bá lè gba àkókò ìrun mọ́ Ànábì Ọlọ́hun lọ́wọ́, kí ni a ó sọ nípa tiwa?

Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba máa ń bọ́ sí, ìyẹn ọjọ́ 12 oṣù Dhul-Hijjah. Inú àwọn ọjọ́ Táṣíríkì ni. Ànábì pe àwọn ọjọ́ náà ní ọjọ́ jíjẹ, mímu àti rírántí Ọlọ́hun, a sì ń ké kábárà lẹ́yìn ìrun nínú wọn. Ayẹyẹ náà a máa gba ojúmọmọ, Àìlà àti Àlàásárì yóò sì bá wa níbẹ̀. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti yan ẹni tí yóò mójú tó ẹṣin nígbà tí àwọn mìíràn bá ń kírun, kí wọ́n sì pààrọ̀ ara wọn. Kò ṣòro rárá bí a bá ti pète rẹ̀ láti ilé.

ÌRÌN ÀJÒ LÓRÍ ẸṢIN NÍ ILẸ̀ MÌÍRÀN

Kì í ṣe àwa nìkan ni a ń fi ẹṣin ṣe ọdún. Àwọn ará Kánò ń gun ẹṣin kí Ẹ́míà ní ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ àti Iléyá. Ní ọdún 2024, àjọ UNESCO fi ayẹyẹ náà sínú àwọn àṣà tí gbogbo ayé gbọdọ̀ pa mọ́.

Ní gúúsù Sípéènì, níbi tí oòrùn ti ń ràn dáadáa, àwọn ènìyàn láti òkèèrè ń san owó láti fi ẹṣin ṣe ìsinmi. Wọn a gùn ún láti abúlé dé abúlé láàárín oko ólífì, wọn a sì yà sí àwọn ìlú àtijọ́ bíi Ronda, Cordoba àti Granada. Ọwọ́ Mùsùlùmí ni púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń lọ wò níbẹ̀ ti wá. Tariq ọmọ Ziyad sọdá síbẹ̀ ní ọdún 711. Ọdún 1492 ni Granada, ìlú ìkẹyìn, bọ́ lọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí. Kódà jinete, ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Sípéènì fi ń pe agẹṣin, láti orúkọ ẹ̀yà Zenata ní Àríwá Áfíríkà ni ó ti wá.

Láti ilẹ̀ yẹn náà ni àwọn Mùsùlùmí mẹ́ta ti gun ẹṣin jáde ní oṣù Kẹwàá 2024, wọ́n ń lọ sí Mẹ́kà fún Hájì ọdún 2025. Oṣù méje ni ìrìn àjò náà gbà wọ́n. Wọ́n la Yúróòpù kọjá, wọ́n gba Tọ́kì, Síríà àti Jọ́dánì. Ọ̀kan nínú wọn, Abdallah Hernández, ti jẹ́jẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí ó gba Ìsìláàmù, ó sì ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Ọkọ̀ òfuurufú ìbá gbé wọn débẹ̀ ní wákàtí díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gun ẹṣin kò lè yára ju ẹṣin lọ. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, wàá dúró. Sùúrù ni ó ń kọ́ni.

Àwa náà ní ìlú àtijọ́ nítòsí. Ẹni tí ó bá ń ti Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Àgọ́-Ìwòyè lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde lè yà sí Òkè-Erì lọ wo Erédò Súngbọ́, yàrá ńlá tí àwọn baba wa gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, tí ó tó nǹkan bí 160 kìlómítà, tí gíga rẹ̀ sì tó mítà 20 ní àwọn ibòmíràn. Àwọn kan ń sọ pé ọbabìnrin Sábà ni Bìlíkísù Súngbọ́. Àlùkùránì sọ ìtàn ọbabìnrin náà ní Súrà An-Naml, ṣùgbọ́n kò dárúkọ rẹ̀, kò sì sọ pé ó dé ilẹ̀ wa. Ẹ lọ wò ó gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá wa, ẹ má sì tọrọ ohunkóhun lọ́wọ́ sàréè.

ÌPARÍ Ọ̀RỌ̀

Yorùbá ní ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Àwọn tí ó kọ́kọ́ lọ sí ojúde Awùjalẹ̀, ọpẹ́ ni wọ́n gbé lọ kí ẹnikẹ́ni tó gun ẹṣin. Bí àwa tí a wà lẹ́yìn bá ní ẹṣin tí a kò ní ọpẹ́, ipa ẹsẹ̀ wọn kọ́ ni à ń tọ̀.

Nítorí náà, kí ẹni tí yóò gùn ún tún àníyàn rẹ̀ ṣe. Kí ó rántí, bí ó bá ti jókòó sórí gàárì, pé Ọlọ́hun ni Ó tẹ ẹranko náà lórí ba, pé agbára òun kò tó o, àti pé ọ̀dọ̀ Rẹ̀ ni gbogbo wa ń padà sí. Kí owó rẹ̀ jẹ́ owó tí ó ní. Kí ó fún ẹṣin lómi, kí ó sì kírun ní àkókò. Ẹni tí kò bá rí ẹṣin gùn kò pàdánù nǹkan kan. Ẹsẹ̀ ni àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fi rìn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÀSÀLÁTÙ

1. Kí ni ó mú kí àwọn Mùsùlùmí àkọ́kọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde máa lọ sí iwájú ààfin lẹ́yìn Iléyá?

2. Báwo ni ọ̀rọ̀ ẹṣin àti ọ̀rọ̀ àìmoore ṣe so pọ̀ nínú Súrà Al-'Ādiyāt?

3. Ẹ dárúkọ ẹṣin mẹ́ta tí Ànábì sọ, kí ẹ sì fi àpẹẹrẹ ti ayé òde òní gbe ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn.

4. Ọ̀rẹ́ yín fẹ́ yá owó èlé háyà ẹṣin fún Ojúde Ọba. Kí ni ẹ ó sọ fún un tí kò ní bí i nínú?

5. Báwo ni ẹgbẹ́ yín yóò ṣe ṣètò ìrun Àìlà àti Àlàásárì lọ́jọ́ náà?

Kí Ọlọ́hun fi wá sínú àwọn tí ń moore. Àmín.